Àpáta Láfún Ni Ilé-Ìwé Wa

Bí òórùn láfún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá sóòrùn bá ti kàn mí nímú, ibi yòówù kí n wà, ẹ̀yìnkùlé wa ní Ọ̀kà ni ọkàn mi ń sáré lọ. Òórùn náà kì í ṣe èyí tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn. Àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń di imú, wọ́n á ní, "Màmá, kí ló kú síbí?" Èmi á kàn rẹ́rìn-ín. Lórí àpáta kan báyìí, láàárín láfún àwọn obìnrin àdúgbò, ni àbúrò mi Ṣadé ti mọ̀wé, ibẹ̀ náà sì ni èmi ti rí púpọ̀ nínú ìwọ̀nba tí mo fi ń ka Bíbélì mi, tí mo sì fi ń kọ èyí. Ìyàwó ọmọ mi tó ń gbé ní Àkùngbá ló tún gbé ọ̀rọ̀ náà sí mi lọ́kàn. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti mú ọmọ wọn kúrò nílé-ìwé, ilé ni wọ́n ti ń kọ́ ọ nítorí àìlera rẹ̀. Nígbà tí mo lọ kí wọn, ó gbé oúnjẹ fún mi tán, ó jókòó tì mí, ó ní, "Màmá, ìkọ́ni yẹn gan-an ò le tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó le ni pé ó ń ṣe wá bíi pé àwa nìkan la wà láyé." Mo ní kó jẹ́ kí n jẹun tán, kí n sọ fún un nípa ọdún tí ìyá tèmi náà rò pé òun nìkan ló wà láyé.

Ìkárẹ́ ni wọ́n bí wa sí, ọmọ ibẹ̀ ni ìyá wa. Bàbá wa ní tirẹ̀, ọmọ Ọ̀kà ni, iṣẹ́ bíríkìlà ló ń ṣe, ibi tí iṣẹ́ bá ti yọ ló ń gbà lọ, ìparí oṣù la máa ń rí i. Nígbà tí ara Bàbá Àgbà tó bí bàbá wa kò yá mọ́, tí kò sí ẹni tí yóò máa se oúnjẹ fún un, a kó lọ bá a ní Ọ̀kà. Ìkárẹ́ sí Ọ̀kà kò jìnnà, ẹ ò ní tíì jókòó dáadáa nínú ọkọ̀ tí ẹ ó fi dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú èmi ọmọdé, àfi bíi pé a kó lọ sí ayé mìíràn. Orí òkè ni ilé wà. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ikọ́ Bàbá Àgbà ni yóò kọ́kọ́ dún, lẹ́yìn náà odó, lẹ́yìn náà ewúrẹ́, lẹ́yìn náà àwọn obìnrin tí wọ́n ń pe ara wọn láti orí àpáta kan sí òmíràn, tí ohùn wọn ń fò kọjá lórí páànù. Ohùn Ọ̀kà ni wọ́n ń fọ̀, ti Ìkárẹ́ sì yàtọ̀ sí i. Bí ìyá wa bá lanu kí èèyàn, àwọn ọmọdé á bẹ̀rẹ̀ sí í sín in jẹ. Ìyàwó Ará Ìkárẹ́ ni wọ́n sọ ọ́. Kì í ṣe èébú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ-kú-àbọ̀ náà. Wọ́n ń kí i, ó ń dá wọn lóhùn, kálukú sì ń bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ṣadé. Ibà kan ló mú un nígbà tó ń kọ́ ìrìn. Nígbà tí ibà náà yóò fi lọ, ó ti mú agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lọ. Ọwọ́ ló fi ń wọ́ kiri inú ilé, ó sì yára ju èmi tí mò ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ bí ẹran bá wà lórí iná. Ní Ìkárẹ́, ẹ̀yìn ilé wa ni ilé-ìwé wà, ìyá wa á pọ̀n ọ́n lọ, á sì lọ pọ̀n ọ́n bọ̀. Ní Ọ̀kà, ìsàlẹ̀ òkè pátápátá ni ilé-ìwé wà, òkúta sì ni gbogbo ọ̀nà náà. Bí ìrì bá sẹ̀ sí i lásán, yíyọ̀ ni yóò máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ìyá wa pọ̀n ọ́n títí oyún àbúrò wa ọkùnrin fi bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó yọ̀, ó fi orúnkún gúnlẹ̀. Ṣadé kò já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá wa jókòó sórí òkúta, ó ń nu orúnkún rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé. Ọkùnrin náà ní àánú. Ó ní, "Ìyàwó, ẹ máa kọ́ ọ nílé. Lọ́jọ́ tí a bá wọlé ọdún tuntun, ẹ gbé e wá kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá mọ ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀, màá kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ tiwọn, ìdánwò nìkan ni yóò máa wá ṣe." Ìyá wa dúpẹ́, ó gòkè wálé, ìgbà tó délé tán ni ẹ̀rù tó bà á. Ìwé mẹ́ta péré ni òun fúnra rẹ̀ kà. Àti pé kò lè fi Ṣadé nìkan sílẹ̀ nígbà tó bá lọ sóko, nítorí náà èmi náà ní láti dúró sílé. Inú mi ò dùn o, n ò ní purọ́. Aṣọ ilé-ìwé mi wà lára ìṣó tí a fi kọ́ ọ, mo máa ń wò ó bí ẹni ń wo ọ̀rẹ́ tó fẹ́ rìnrìn-àjò. Bàbá Àgbà rí ojú mi. Ó wú ikọ́ díẹ̀, ó pe orúkọ mi, ó ní, "Dúpẹ́, ẹni tí kò lè lọ sódò, ṣé òǹgbẹ ni yóò wá gbẹ ẹ́ pa? Ṣebí a ó pọnmi wá bá a ni."

Kò pẹ́ sí ìgbà náà, ní ìparí oṣù kan tí bàbá wa wà nílé, ni Màmá Ọ̀wọ̀ wá. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ni, ó ní ìsọ̀ aṣọ ní Ọ̀wọ̀, ibẹ̀ la fi ń pè é. Inúure ló gbé wá, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi bínú sí i láìyẹ. Ó gbé Ṣadé lé ẹsẹ̀, ó fi iṣu sísun sí i lẹ́nu, ó wá ní, "Ìyàwó, ẹ fún mi lọ́mọ yìí. Kó máa jókòó tì mí ní ìsọ̀, kó máa bá mi ṣọ́ ọjà. Iṣẹ́ ìjókòó ló bá a mu. Kí ló fẹ́ fi ìwé ṣe? Ìwé máa ń gbé èèyàn rìn ni, òun kò lè rìn." Ìyá wa wo bàbá wa, bàbá wa wo ilẹ̀. Ta ló fẹ́ dá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóhùn pé rárá? Níkẹyìn ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí ilé-ìwé wọlé ná." Màmá Ọ̀wọ̀ ní, "Kò burú. Màá wá lásìkò yẹn. Bí ọ̀gá ilé-ìwé bá gbà á, ó gbà á. Bí kò bá gbà á, lọ́jọ́ yẹn gan-an ni màá gbé e lọ." Àtìgbà náà, bí a bá ń jẹun, ọwọ́ kan ni Ṣadé fi ń jẹun, èkejì á di etí aṣọ mi mú.

Àpáta náà wà ní ẹ̀yìnkùlé wa, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní, ó dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ó sì fẹ̀ débi pé gbogbo ilé tó yí i ká ló ń sá láfún síbẹ̀. Ìyàwó ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ojú tirẹ̀ tí ìyá ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Kò sí ààlà, kò sí òkúta tí wọ́n tò, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń ṣì í. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: bí òjò bá ṣú, ẹni tó bá wà nílé ló ń kó ti gbogbo ilé. Ìjà yòówù kó wà láàárín yín, o ò gbọdọ̀ kó tìrẹ kí o fi ti ẹnìkejì sílẹ̀ fún òjò. Ojú tiwa wà lókè pátápátá, létí ibi tí èèyàn ti ń jábọ́, nítorí ó ti pẹ́ tí ìyá bàbá wa ti kú, tí kò sì sí ẹni tó di ojú tó dára mú fún wa. Ibẹ̀ ni ìyá wa ń sá láfún sí, á gbé Ṣadé jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi á mú ọ̀pá dání fún ewúrẹ́ àti adìyẹ. Síléètì wa ti fọ́ nígbà tí a ń kó ẹrù. Nítorí náà ìyá wa mú èédú nínú ààrò, ó fi kọ A àti B gàdàgbà sórí àpáta lásán. Ó rí i pé ó dára. Bí a bá kọ èyí tán, a ó tún kọ òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí apá òkè àpáta náà ti kún fún ìwé. Àwọn obìnrin ń wò wá láti ìsàlẹ̀, wọn ò béèrè, ìyá wa náà ò sọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò wínníwínní kan rọ̀, èyí tí kò tó nǹkan tí èèyàn ń kó láfún sí. Ó fọ orí àpáta, ó lọ. Kò pẹ́ ni a gbọ́ igbe. Ìyá Àrìnpé ni, àgbàlagbà obìnrin tí ojú tirẹ̀ wà nísàlẹ̀ tiwa tààrà. Ilé wọn ni wọ́n ti ń bọ òrìṣà ìdílé wọn láti ayébáyé, láfún rẹ̀ sì ni wọ́n mọ̀ pé ó funfun jù lọ́jà Ìkárẹ́. Ó dúró ti láfún rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì sí bàdí.

"Ta ló lé tìróò fún láfún mi?"

Ìyá wa sáré jáde, ó kúnlẹ̀ tòun ti oyún. "Ẹ má bínú, mà. Èmi ni. Èédú ni."

"Èédú? O ti sọ àpáta di ààrò?"

"Rárá, mà. Ìwé ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ."

"Ìwé wo ló ń ṣàn bí odò báyìí?"

Ṣadé ti wọ́ dé etí ibi tó dà gẹ̀rẹ́. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín ló dáhùn, "Ẹ má bínú sí ìyá mi, mà. Orúkọ mi ni. Èmi ni mo kọ ọ́ tóbi."

Ìyá Àrìnpé gbójú sókè wò ó. "Èwo nínú orúkọ rẹ ló wá bá láfún mi jà?"

Ṣadé yẹ àpáta náà wò dáadáa, bí ẹni ń wá ewúrẹ́ tó sọnù, ó ní, "Ṣ ni, mà. Òun ló wà lápá ọ̀dọ̀ yín. Àwọn yòókù ò kúrò lójú kan."

Mo rí i tí ẹ̀rín gbé ẹnu Ìyá Àrìnpé, tó sì fi ipá dì í. Ó ní, "Ṣ yìí, n ó mú ẹjọ́ rẹ̀ dé ààfin ni." Ìyá wa kò dúró gbọ́ èyí tó kù. Ó lọ kó láfún tiwa tó funfun, ó dà á sí ibi tí Ìyá Àrìnpé ń sá tirẹ̀ sí, ó sì kó èyí tó ti di eléérú sínú agbada tiwa. Kò bẹ̀bẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láfún eléérú yẹn la jẹ lọ́sẹ̀ náà, òkèlè rẹ̀ dà bí àwọsánmà òjò. Bàbá Àgbà bù ú, ó wò ó, ó ní, "Ìyàwó, oúnjẹ yìí ti mọ̀wé jù mí lọ." Ìyá wa rẹ́rìn-ín débi pé ó fi ọwọ́ gbá ikùn mú. Èmi ò rántí pé mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ tẹ́lẹ̀ láti ìgbà tí a ti dé Ọ̀kà.

Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Àrìnpé fúnra rẹ̀ gòkè wá bá wa. Ó mú nǹkan kan tó wé sínú ewé, ó tú u sílẹ̀ níwájú ìyá wa: ẹfun ni, ó tó ìwọ̀n ẹyin adìyẹ. Ó ní, "Funfun kì í ba funfun jẹ́. Ẹ máa fi èyí kọ." Mo rí i pé ìyá wa ṣe tìkọ̀. Ọmọ ìjọ ni, ó sì mọ ibi tí wọ́n ti ń lo ẹfun. Obìnrin ìjọ wa kan tó rí wa lẹ́yìn ìgbà náà tilẹ̀ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ẹfun tí wọ́n fi ń kun ojúbọ lẹ fi ń kọ́ ọmọ?" Ìyá wa ní, "Inú ilẹ̀ ni wọ́n ti wà á. Ọlọ́run ló ni ilẹ̀." Ó kí i pé ó dàárọ̀. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ tí Ìyá Àrìnpé mú un wá, ó kàn gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ ni, ó fi fa ìlà kan sórí àpáta. Ẹfun náà hàn kedere lórí àpáta dúdú ju èédú lọ. Ìyá Àrìnpé kò lọ. Ó wá ibi tó tutù, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó mú òwú tó ń ran jáde. "Kí ni ọmọ yìí ń kọ́ lónìí?" Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láìpẹ́, bí ìyá wa bá fẹ́ lọ sóko, Ìyá Àrìnpé á ní, "Máa lọ, mo wà níbí." Kò mọ A yàtọ̀ sí B, ṣùgbọ́n bí Ṣadé bá ṣíwọ́ ìwé kíkọ, á bi í pé, "Ó ti tán? Kí o tó tán lánàá, o kọ ju báyìí lọ."

Ti Bàbá Akọ̀wé, ohùn ló kọ́kọ́ fi wá bá wa. Ó ti ṣe akọ̀wé rí nílé tí wọ́n ń kó kòkó sí, kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tirẹ̀ wà nísàlẹ̀ àpáta, a kì í rí i, kì í sì í rí wa. Ṣadé ń ka ìlọ́po sókè lọ́jọ́ kan, ó ń kọ ọ́ bí orin: "Mẹ́ta lọ́nà méje, ogún!" Ohùn kan ké látìsàlẹ̀ pé, "Irọ́ ni!" Gbogbo wa ta gìrì. Ewúrẹ́ pàápàá dúró. Ohùn náà tún ní, "Mẹ́ta lọ́nà méje, mọ́kànlélógún! Ta ló jí ọ̀kan níbẹ̀?" Ìyá wa fi iṣu sísun rán mi sí i, ó ní kí n bi í bóyá á lè gòkè wá. Bàbá Akọ̀wé jẹ iṣu náà tán kó tó fèsì. Ó ní, "Sọ fún ìyá rẹ pé ẹsẹ̀ mi dára, ojú mi ni kò dára. Ẹ̀yin lójú, ẹ ò lẹ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pa á pọ̀." Ó wá lóòótọ́, pẹ̀lú ìwé ìròyìn tí wọ́n fi wé àkàrà fún un. Ṣadé ń kà á fún un, Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá, òun ń tún un ṣe. Ìròyìn tí ó ti gbó tí epo ti mu, á máa bínú sí i bíi pé òwúrọ̀ yẹn ló ṣẹlẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí Ṣadé mọ̀wé kà nìyẹn, nítorí bó bá fo ọ̀rọ̀ kan, ìròyìn náà ò ní ní ìtumọ̀, Bàbá Akọ̀wé á sì fi ọ̀pá gbá àpáta.

Bó ti ń lọ nìyẹn. N ò lè sọ ọjọ́ tí àwọn yòókù dé, wọ́n kàn wà níbẹ̀ ni. Ẹni tó wá yí láfún rẹ̀ padà á gbé àgbàdo sísun wá. Ẹni tó gbé ọmọ wá á fi í sílẹ̀ kó gbọ́ àlọ́ tí Ṣadé ń kà. Ṣadé náà kò jókòó lásán. Òun ló ń wo ojú ọ̀run fún gbogbo wọn. Bí òjò bá ń ṣú bọ̀ lápá Ṣúpárè, òun ló máa ń kọ́kọ́ rí i, á ké pé, "Ẹ kó o! Ẹ kó o!" gbogbo ilé á tú jáde. Ibi tó jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́ yẹn, ó ti mọ láfún olúkúlùkù, bó ti funfun tó, bó ti rí lọ́wọ́, ẹni tó ń fún un gbẹ àti ẹni tí kì í fún un gbẹ. Àwọn obìnrin á máa fi dá a lára yá. Ìyá wa sì ti ń fi ohùn Ọ̀kà rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní Ará Ìkárẹ́ mọ́. Ìyàwó Wa ló kù. Nígbà tí mo bá bojú wẹ̀yìn báyìí, mo máa ń rò pé ká ní ìyá wa lọ láti ilé dé ilé, kó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá bá òun kọ́ ọmọ, bóyá wọ́n á káàánú rẹ̀, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Láfún ló mú wọn wá.

Nígbà tó ku ọjọ́ kan kí ilé-ìwé wọlé ni Màmá Ọ̀wọ̀ dé. Ó mú báàgì tuntun pupa kan wá tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, ó gbé e kọ́ ìṣó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ ilé-ìwé mi. Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tó wà fún. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, oòrùn mú ganrínganrín, gbogbo ilé sá láfún. Iṣẹ́ ti dá bàbá wa dúró sí ibi tó wà. Ikùn ìyá wa ti ga dé àyà, síbẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ọ̀já, ó fẹ́ pọn Ṣadé. Ìyá Àrìnpé ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Sọ ọ̀já yẹn sílẹ̀. Ṣé méjì lo fẹ́ pọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn?" Òun ló pọ̀n ọ́n jáde nínú ilé. Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í da gẹ̀rẹ́, obìnrin mìíràn ti ń dúró, ó gba Ṣadé, ó gba ọ̀já. Nísàlẹ̀ rẹ̀, òmíràn. Kò sẹ́ni tó ti bá wa ṣe àdéhùn. Àwọn tí kò pọ̀n ọ́n ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń na ọwọ́ sí i lẹ́yìn kó má baà yọ̀. Bàbá Akọ̀wé gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà, ó sì ń bi í ní ìlọ́po láìsinmi, Ṣadé ń dáhùn látẹ̀yìn. Nígbà tó kan Ìyá Àrìnpé padà, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kó sinmi, ẹ jọ̀ọ́. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n gan-an ti fẹ́ẹ́ mọ̀ ọ́n."

Ọ̀gá ilé-ìwé gbé àga kan sí iwájú pátákó, wọ́n gbé Ṣadé lé e, ó fún un ní ṣọ́ọ̀kì. Àwa yòókù wà lójú fèrèsé. Ṣadé na ọwọ́ sókè. Kò tíì kọ nǹkan sára ohun tó dúró rí láyé rẹ̀. Ìlà tó fà wọ́, Ṣ rẹ̀ ṣubú lé a lórí. Ó pa á rẹ́, ó tún un kọ, ó tún wọ́. Àwọn ọmọ inú kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Báàgì pupa yẹn ló wá sí mi lójú, ó kọ́ sára ìṣó. Mo gbọ́ tí ìyá wa mí kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ṣadé bá yíjú sí ọ̀gá, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mo lè sọ̀ kalẹ̀?" Ọ̀gá gbé e sọ̀. Ó fi ọwọ́ nu sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ kíláàsì bí ẹni fẹ́ sá láfún, ó tẹ̀ síwájú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Ó kọ orúkọ rẹ̀, ó kọ ti bàbá wa, ó ṣe ìṣirò tí ọ̀gá pè fún un, ìlà rẹ̀ tọ́ ṣánṣán láti ẹsẹ̀ tábìlì dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gá náà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè rí i kà. Lẹ́yìn náà ó fún un níwèé, Ṣadé kà á. Bàbá Akọ̀wé kò rí nǹkan kan, ó kàn ń mi orí sí ohùn rẹ̀, ó sì ń fi ìka gbá férémù fèrèsé. "Ta ló kọ́ ọ?" ni ọ̀gá béèrè. Ṣadé nawọ́ sí ojú fèrèsé, ó ń dárúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dórí obìnrin tó ń gbé àgbàdo wá. Ọ̀gá ní, "Olùkọ́ tìrẹ pọ̀ ju tèmi lọ." Ó sì lọ kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó fi páálí ṣọ́ọ̀kì kan lé e lọ́wọ́ kó mú un relé. Ìyá Àrìnpé mú ẹyọ kan níbẹ̀, ó fi ahọ́n kàn án, ó ní, "Ẹfun tiwa dùn jù ú lọ."

Ibi tí a ti ń yọ̀ ni àrá ti sán, tí òjò sì bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa dúró. Láfún! Gbogbo àwọn tó ń kó láfún ló wà nísàlẹ̀ òkè, àtẹni tó ń wo ojú ọ̀run fún wọn. Wọn ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n gbé Ṣadé pọ̀n, wọ́n ń sáré gòkè, ìyá wa ń tẹ̀ lé wọn, òjò ń lù wá. Nígbà tí a máa fi dé ẹ̀yìnkùlé, àpáta náà ti mọ́ lónílóní, kò sí ẹyọ láfún kan lórí rẹ̀. A wọnú ilé. Màmá Ọ̀wọ̀ ló jókòó sílẹ̀ láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, láfún wà nínú irun rẹ̀, ó wà nínú etí rẹ̀, aṣọ olówó iyebíye tó wọ̀ ti di ẹlẹ́fun. Yàtọ̀ sí Bàbá Àgbà tí ara rẹ̀ kò yá, òun nìkan ló wà nílé. Ọmọ Ọ̀kà ni, kò gbàgbé òfin àpáta. Ó ti kó ti gbogbo ilé, ṣùgbọ́n kò mọ ti ẹnikẹ́ni yàtọ̀, ó kàn ń dà á sínú ohun tó bá rí ni: inú agbada, inú apẹ̀rẹ̀, inú ìkòkò Bàbá Àgbà. Báàgì pupa náà wà níbẹ̀, láfún kún inú rẹ̀ dé ẹnu.

Ṣadé ló ní kí wọ́n gbé òun sọ̀. Ó wọ́ lọ síbi àwọn agbada, ó ń bù ú, ó ń fọwọ́ pa á. "Ti Ìyá Àrìnpé nìyí, òun ló funfun jù. Èyí, tiwa ni. Èyí tó ṣì tutù yìí, ti ẹ̀yin tí ẹ kì í fún un gbẹ ni, mà." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Màmá Ọ̀wọ̀ ń wò ó. Ìyá wa kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun. Wọ́n gbà á." Màmá Ọ̀wọ̀ nu láfún kúrò lójú, ó ní, "Mo ti rí i lójú yín kí ẹ tó wọlé. Ẹ fi í sílẹ̀ níbí. Bí mo bá gbé e lọ, ta ni yóò wá máa mọ ẹni tó ni láfún kọ̀ọ̀kan?" Ó yí báàgì pupa náà dojú dé sínú agbada, ó gbọ̀n ọ́n dáadáa, ó sì fi fún Ṣadé láti máa fi kó ìwé sí.

Mo padà sílé-ìwé nígbà tí ìyá wa bímọ tán, mo kà á dé ìwé mẹ́fà, mo sì lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Ṣadé jókòó sórí àpáta, ó ń lọ ṣèdánwò lórí ẹ̀yìn àwọn obìnrin, títí bàbá wa fi rí kẹ̀kẹ́ arọ rà fún un. Ó ṣe akọ̀wé títí ó fi fẹ̀yìntì. Mo sọ gbogbo èyí fún ìyàwó ọmọ mi ní Àkùngbá. Ó gbọ́ ọ tán, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ó dára, Màmá. Ṣùgbọ́n àwa ò ní àpáta níbí." Mo bi í níbo ni wọ́n ti ń pọnmi. Ó ní ẹ̀rọ omi kan wà lẹ́yìn ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, gbogbo àdúgbò ló ń tò síbẹ̀. Mo ní, "Ẹ gbé àpótí ìjókòó lọ síbẹ̀ lọ́la. Kí ọmọ náà ka ìlọ́po sókè dáadáa. Kó sì ṣì í díẹ̀."